Ìròyìn Láti Ẹnu Aláìsàn: Àmúlò Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá Nínú Ìtọ́jú Àrùn Jẹjẹrẹ àti Ipa Tí Èdè Ń Kó Níbẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ọ̀nà tí àwọn ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ti gbà ń lo ẹ̀rọ ayárabíàṣá àti tẹlifóònù láti gbọ́ ìròyìn ara láti ẹnu aláìsàn jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. A yẹ àbájáde ìwádìí díẹ̀ wò, a sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tí ó yé aláìsàn, àti nọ́ọ̀sì tí ó ka ìdáhùn tí ó sì gbé ìgbésẹ̀, ni ó ń ṣe é. Nítorí náà, a wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá sí èdè Yorùbá láìfarabalẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi àárẹ̀, ibà, ìrora àti ẹ̀yìn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé iṣẹ́ olùkọ́ èdè wà nínú ìtọ́jú yìí.

1.0 Ìfáàrà

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè pé, "Ṣé ara le?", ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "A dúpẹ́." Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́. Ìkíni ni ìbéèrè náà, ìkíni sì ni èsì rẹ̀. Ẹni tí ìrora kò jẹ́ kí ó sùn mọ́jú yóò kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ó tó wá sọ ohun tí ó ń ṣe é bí àyè bá wà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá dókítà, àyè yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Èrò pọ̀ níta, àkókò kò tó, ẹlòmíràn sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá ráhùn púpọ̀, a lè dá oògùn òun dúró. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó jáde ṣe ń padà sínú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ti àrùn jẹjẹrẹ, irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ léwu. Oògùn tí a fi ń pa jẹjẹrẹ lágbára. Ó lè fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru, egbò ẹnu àti ọ̀pọ̀ ìnira mìíràn. Láàárín ọjọ́ tí aláìsàn gba oògùn àti ọjọ́ tí yóò tún fojú kan dókítà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé ni aláìsàn yóò wà ní gbogbo àkókò yìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: báwo ni ilé ìwòsàn ṣe lè gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn nínú ilé rẹ̀? Ìbéèrè kejì kan àwa tí à ń kọ́ni ní èdè: bí ìbéèrè ilé ìwòsàn bá fẹ́ sọ Yorùbá, ta ni yóò rí sí i pé ó yé ẹni tí a ń bi?

2.0 Kí ni ìròyìn láti ẹnu aláìsàn?

Ní ọdún 2009, àjọ FDA, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, ìròyìn láti ẹnu aláìsàn ni èyíkéyìí tí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ nípa ipò ara rẹ̀, láìjẹ́ pé dókítà tàbí ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ yà kò sí lára rẹ̀. Ẹ̀rọ lè fi ìwọ̀n kókó jẹjẹrẹ hàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè sọ bí ó ti rẹ ènìyàn tó tàbí bí inú rẹ̀ ti ń rìn ín tó. Ẹni tí ó kàn ló mọ̀.

Kí ìròyìn bẹ́ẹ̀ má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwé ìbéèrè tí gbogbo aláìsàn ń dáhùn bákan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni QLQ-C30, tí ẹgbẹ́ EORTC ní Yúróòpù ṣe. 30 ni ìbéèrè inú rẹ̀, ọdún 1993 sì ni a tẹ̀ ẹ́ jáde. Òmíràn ni PRO-CTCAE, tí National Cancer Institute ní Amẹ́ríkà ṣe. Ìnira 78 ni ó wà nínú rẹ̀, ìbéèrè 124 ni a sì fi ń wádìí wọn. Ilé ìwòsàn kì í béèrè gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó bá bá irú oògùn tí aláìsàn ń lò mu ni wọ́n máa ń ṣà. Ohun mẹ́ta ni ìbéèrè wọ̀nyí ń wá: ìgbà mélòó ni ìnira náà ń wáyé, báwo ni ó ṣe pọ̀ tó, àti báwo ni ó ṣe ń dí aláìsàn lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méje sẹ́yìn ni aláìsàn máa ń rántí láti fi dáhùn.

Tẹ́lẹ̀, orí ìwé ni a máa ń kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí, inú fáìlì ni ó sì sábà máa ń sùn sí. Àǹfààní ẹ̀rọ ni pé ìdáhùn tí aláìsàn fi ránṣẹ́ láti ilé lè dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

3.0 Ohun tí dókítà kì í gbọ́

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí dókítà ń béèrè, ṣebí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀?" Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ítálì fi ohun tí dókítà kọ wé ohun tí aláìsàn sọ, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2015. Aláìsàn 1,090 tí wọ́n kópa nínú ìwádìí oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, ìnira mẹ́fà ni wọ́n sì gbájú mọ́: kí oúnjẹ má wu ènìyàn jẹ, kí ó máa ṣe ènìyàn bíi kí ó bì, èébì, àìrí ìgbẹ́ yà, ìgbẹ́ gbuuru àti irun orí tí ń re. Nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n ní ìnira kan ń ṣe àwọn, iye tí dókítà kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 40.7 nínú 100, ó sì gòkè dé 74.4 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí irú ìnira náà ti rí.

A kò sọ èyí láti bú dókítà. Ohun tí ó fi hàn ni pé bí ọ̀rọ̀ aláìsàn bá ní láti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó di àkọsílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa dà nù lójú ọ̀nà.

4.0 Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́: àpẹẹrẹ láti New York

Ìwádìí tí ó sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni èyí tí dókítà Ethan Basch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní ìlú New York. Láàárín ọdún 2007 sí 2011, wọ́n gba aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti ràn kálẹ̀, tí wọ́n sì ń gba oògùn. Wọ́n fi ohun tí a lè pè ní kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn apá kan ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ti máa ń gbà á: wọn a bá dókítà sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá dé, wọn a sì pe ilé ìwòsàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn apá kejì ń dáhùn ìbéèrè lórí ìnira 12 nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà. Lára àwọn ìnira náà ni ìrora, ikọ́, àìlèmí délẹ̀, ìtọ̀ tí ń ta ni, rírẹ ara, èébì àti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ń kú tipiri.

Òǹkà 0 dé 4 ni wọ́n fi ń wọn ìnira kọ̀ọ̀kan. Bí ìnira kan bá fi òǹkà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ burú sí i, tàbí tí ó bá dé 3, ẹ̀rọ náà yóò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì nípasẹ̀ ímeèlì. Bí aláìsàn bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, àkójọ ìdáhùn rẹ̀ yóò ti wà lórí tábìlì níbẹ̀. Nínú ìkìlọ̀ 100, 77 ni nọ́ọ̀sì gbé ìgbésẹ̀ lé lórí: wọ́n pe aláìsàn láti gbà á ní ìmọ̀ràn, wọ́n fún un ní oògùn tí yóò mú ìnira rọlẹ̀, wọ́n dín ìwọ̀n oògùn jẹjẹrẹ kù, tàbí kí wọ́n darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ onímọ̀ mìíràn.

5.0 Àbájáde àti ìkìlọ̀

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìgbé ayé àwọn tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ dára sí i fún 34 nínú 100, nígbà tí ó jẹ́ 18 nínú 100 láàárín àwọn ìyókù. Láàárín ọdún kan, 34 nínú 100 ni ó sáré lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, nígbà tí àwọn ìyókù jẹ́ 41. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n lè gba oògùn jẹjẹrẹ fún oṣù 8.2, àwọn ìyókù sì jẹ́ oṣù 6.3. Ní ọdún 2017, Basch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde iye oṣù tí àwọn aláìsàn náà lò láyé. Bí a bá tò wọ́n bí ọjọ́ ayé wọn ṣe gùn sí, ẹni tí ó wà ní àárín gbùngbùn nínú àwọn tí wọ́n lo ẹ̀rọ lo oṣù 31.2, ti àwọn ìyókù jẹ́ oṣù 26.0.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan. Nínú àwọn 766 náà, 227 ni kò mọ kọ̀ǹpútà lò tó bẹ́ẹ̀ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn gan-an ni ètò náà ṣe láǹfààní jù. Àwọn tí a rò pé ẹ̀rọ yóò ṣòro fún ni wọ́n jẹ́ ẹni tí ohùn wọn kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà tẹ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé, Fabrice Denis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ròyìn ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi oṣù 19 wé oṣù 12. Ní ìlú Leeds, ètò kan tí a ń pè ní eRAPID fi kún un pé bí ìnira kò bá le jù, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a gba aláìsàn ní ìmọ̀ràn lójú ẹsẹ̀. Aláìsàn 508 ni ó kópa níbẹ̀, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ ju bí ó ti rí lọ. Ìwádìí ńlá kan tí a ń pè ní PRO-TECT wáyé ní ibùdó ìtọ́jú 52 ní Amẹ́ríkà, aláìsàn 1,191 ni ó kópa níbẹ̀. Wọ́n lè fi íntánẹ́ẹ̀tì dáhùn, wọ́n sì lè fi tẹlifóònù tí ń sọ̀rọ̀ dáhùn. Àbájáde ti ọdún 2022 fi hàn pé agbára ara wọn dára sí i, ìnira wọn sì dín kù. Ṣùgbọ́n àbájáde ìkẹyìn, tí ó jáde ní ọdún 2025, kò fi ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì hàn nínú gígùn ẹ̀mí. Nítorí náà, ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ọ̀nà yìí ń dín ìyà aláìsàn kù. Pé ó ń mú ẹ̀mí gùn níbi gbogbo, ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Dídín ìyà kù náà kì í ṣe ohun kékeré.

6.0 Bí ìbéèrè náà bá fẹ́ sọ Yorùbá

Nínú gbogbo ìwádìí tí a mẹ́nu bà, ìbéèrè ni ìpìlẹ̀. Bí ìbéèrè kò bá yé aláìsàn, òǹkà tí kò ní ìtumọ̀ ni ẹ̀rọ yóò gbé lọ fún nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ ISPOR tẹ ìlànà alápá mẹ́wàá jáde fún títúmọ̀ irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lára rẹ̀ ni pé kí ju ògbufọ̀ kan lọ túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sọ ìtumọ̀ wọn di ọ̀kan, kí ẹlòmíràn dá a padà sí èdè tí ó ti wá, kí a sì jókòó ti àwọn aláìsàn díẹ̀ láti gbọ́ bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe yé wọn sí. Àwọn àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ tiwa. A fi wọ́n hàn kí a lè rí ibi tí ọ̀fìn wà.

(a) Àárẹ̀. Ìbéèrè lórí rírẹ ara ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé, "Ṣé àárẹ̀ mú yín?", ẹlòmíràn yóò gbọ́ ọ pé, "Ṣé ẹ ṣàìsàn?" Ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kódà bí kò rẹ̀ ẹ́ rárá lọ́sẹ̀ náà. Bí a bá dá gbólóhùn yìí padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe náà lè má hàn, nítorí ìtumọ̀ méjèèjì tọ̀nà. Ìgbà tí a bá bi aláìsàn pé, "Kí ni ẹ rò pé ìbéèrè yìí ń bi yín?", ni yóò tó hàn.

(b) Ibà. Oògùn jẹjẹrẹ lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn ni ọmọ ogun tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Bí ara irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Ó yẹ kí ó kàn sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an. Ṣùgbọ́n ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ bí a bá ti pe ibà. Ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ lè ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, kí ó sì lọ sùn. "Ṣé ara yín gbóná?" sàn jù, pàápàá bí a bá ní kí ó fi ẹ̀rọ wọn ìgbóná ara.

(d) Ìrora. Ọ̀rọ̀ kan ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó ọ̀pọ̀ ìrora pọ̀. Ní tiwa, orí ń fọ́, inú ń run, oríkèé ń ro, egbò ń ta, ẹ̀gbẹ́ ń gún ni. Ẹni tí orí ń fọ́ lè dáhùn pé òun kò ní ìrora, nítorí pé orí fífọ́ ni ó mọ̀ ọ́n sí. Ó yẹ kí ìbéèrè náà dárúkọ díẹ̀ nínú wọn kí ó tó béèrè bí ó ti pọ̀ tó.

(e) Eyín àti ẹ̀yìn. Bí a bá kọ "eyin n dun mi" láìsí àmì, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá eyín ni tàbí ẹ̀yìn. Eyín tí ń dùn lè dúró de ọ̀la. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti ràn dé eegun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó lè jẹ́ pé kókó kan ti ń tẹ iṣan ńlá tí ó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ. Èyí ni ìdí tí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kì í fi í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ìlànà Unicode tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún lẹ́tà bíi ọ̀ tàbí ẹ́. Ńṣe ni a ń so àmì ohùn mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí a kò bá ṣètò dáadáa lè já àmì náà sọ nù.

(ẹ) Òṣùwọ̀n ìdáhùn. "Ara mi le" túmọ̀ sí àlàáfíà. "Àìsàn náà le" túmọ̀ sí ewu. Bí bọ́tìnnì kan bá kọ "Ó le" lásán, ìdáhùn méjì tí ó tako ara wọn ni ó wà lórí rẹ̀. "Ó pọ̀" náà lè jẹ́ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó tàbí iye ìgbà tí ó wáyé. Ó sàn kí a kọ "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" àti "lọ́pọ̀ ìgbà" fún iye ìgbà, kí a sì fi "díẹ̀", "níwọ̀nba" àti "púpọ̀" sílẹ̀ fún ìwọ̀n.

(f) Ọjọ́ méje. Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọjọ́ tí ó ń kà. Ìdí nìyí tí ọjà ọrọọrún fi ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni ìjẹjọ òní. Nítorí náà, "láti ọjọ́ Ajé tí ó kọjá títí di òní" yóò yé àgbàlagbà ju "ọjọ́ méje sẹ́yìn" lọ.

7.0 Iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́ èdè

Ọ̀ràn mìíràn wà tí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ nìkan. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé yóò ní kí ọmọ òun bá òun dáhùn. Ìyá wo ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ìtọ̀ ń ta òun? Bí ó bá sọ "kò sí", ìròyìn náà kì í ṣe láti ẹnu aláìsàn mọ́. Ìdí nìyí tí tẹlifóònù tí ń sọ̀rọ̀ fi yẹ wá: ohùn kan yóò béèrè ní Yorùbá, ìyá àgbà yóò sì tẹ òǹkà fúnra rẹ̀. Ohùn náà gbọ́dọ̀ kí i kí ó tó béèrè, ó sì gbọ́dọ̀ fi "ẹ" àti "yín" bá a sọ̀rọ̀. Ìkíni yìí gan-an ni yóò jẹ́ kí ó ti dúpẹ́ tán, kí ó wá ráyè sọ òótọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ṣe ohun mẹ́ta tí kò ná wa lówó. Èkíní, kí wọ́n ṣàkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé wọn fi ń sọ ìnira ara ní Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti ibi gbogbo tí wọ́n ti wá. Èkejì, kí a sọ títúmọ̀ ìbéèrè ìlera di iṣẹ́ ṣíṣe nínú kíláàsì ìtumọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀, kí òmíràn dá a padà, kí ẹ̀kẹta sì bi àgbàlagbà bí ó ti yé e sí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ títí yóò fi mọ́ wọn lára. Ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ìlera gbọ́dọ̀ jọ ṣe é, nítorí olùkọ́ èdè kò mọ ìnira tí ó léwu, dókítà kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé bí aláìsàn jẹjẹrẹ bá lè ròyìn ara rẹ̀ lóòrèkóòrè, tí ẹnìkan sì ń ka ìròyìn náà, ìyà rẹ̀ a máa dín kù. A rí i pẹ̀lú pé ẹ̀rọ kò lè gbọ́ ju ohun tí a bá béèrè lọ. Bí nọ́ọ̀sì kò bá sí láti ka ìkìlọ̀, ìkìlọ̀ náà kò wúlò; bí ọ̀rọ̀ tí a fi béèrè bá ṣini lọ́nà, nọ́ọ̀sì yóò sáré lọ síbi tí iná kò ti jó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀rọ̀ jẹ́ tiwa. Olùkọ́ tí ó bá fi àmì sórí ẹ̀yìn fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lónìí kò mọ ẹni tí yóò fi rìn lọ́la.